Ọgbà Ewé Tíì Tí A Gbé Sórí Omi

Ẹ gbé páálí tíì yẹn kúrò lórí tábìlì mi. Bọ́lá, ìwọ lo rà á wá, mo dúpẹ́, ọmọ ọmọ mi, o ṣeun. Mo rí òdòdó pupa tí wọ́n yà sí ara rẹ̀, mo rí atalẹ̀, mo rí ewé. O kà á sí mi létí pé wọn kò fi oògùn kankan gbìn ín, pé òkè òkun ló ti wá, pé ó ń ṣe ara àgbàlagbà lóore. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú u, kí ni mo bá níbẹ̀? Àpò tíńtín tí wọ́n fi òwú so lọ́rùn bí ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko. Kí ni ewé ṣe fún yín? N kò ní í so ewé lọ́rùn nínú ilé yìí.

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Omi ti ń hó. Tèmi lẹ ó mu lónìí, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí mo gbọ́ ohun tí ẹ rò pé n kò gbọ́. Bàbá yín, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀, fẹ́ da kọnkéré sí àgbàlá yìí. Lọ́la ni àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀. Ó ń wá ibi tí yóò máa gbé mọ́tò rẹ̀ sí nígbà tó bá wá kí mi, bẹ́ẹ̀ kì í wá. Gbogbo agolo àti garawa tí ẹ ń wò lẹ́bàá ògiri yìí, ẹfinrin, atalẹ̀, ìsápá, ewé tíì, ó ní kí wọ́n kó wọn sórí ààtàn. Ó ní wọ́n ń sọ àgbàlá di ilé ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn! Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, kí wọ́n tó bí i.

Mo wọ Ajégúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ fi ń ṣe títì lónìí ṣì jẹ́ àbàtà. Orí pákó la ń gbà wọlé. Wọ́ọ̀fù Àpápá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, inú yàrá kan ni èmi, òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, nínú ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn. Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa. Ọkọ̀ òkun á fọn fèrè láti Àpápá, rélùwéè á dá a lóhùn, aago ṣọ́ọ̀ṣì á tẹ̀ lé e. Bí aago náà bá ti ń dákẹ́, ìdérí kẹ́tù ìyá ọkọ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí iná: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Òórùn atalẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, oorun á sì fi ojú sílẹ̀ tipátipá. Lónìí jẹnẹrétọ̀ ló ń jí yín, ẹ ní ìlú ti dàgbà.

Màmá Àgbà la ń pe ìyá ọkọ mi. Iléṣà ni wọ́n ti wá, obìnrin gíga tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí kì í sì yí ọ̀rọ̀ padà bí wọ́n bá ti sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní Èkó, àwọn mìíràn ru iṣu. Màmá Àgbà ru ìdí ewé tíì kan nínú agbọ̀n, tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀. Ìyá tiwọn ló gbìn ín. Ewé tíì kì í kú bí a bá ń pín ìdí rẹ̀. Èyí tí ẹ bá pín lónìí, ti àtijọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wo ni wọn yóò gbìn ín sí ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí omi ń sun lábẹ́ ẹsẹ̀? Wọ́n fi ìṣó lu ìdí agolo, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Àwọn ará ilé wò títí, àwọn náà bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí yàrá kọ̀ọ̀kan fi ní agolo tirẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí kẹ́tù Màmá Àgbà: ẹni tí kò bá gbin nǹkan kò gbọdọ̀ gbé kọ́ọ̀pù wá.

Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é, kí ẹ má baà sọ lọ́la pé ẹ kò rí i. Ewé tíì, a ó fọ̀ ọ́, a ó ta á ní kókó kí ó má tú ká, a ó jù ú sómi kí omi tó hó. Atalẹ̀, a kì í lọ̀ ọ́ kúnná. Ọmọ ọlọ la fi ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Kànáfùrù díẹ̀, nítorí aláṣejù ni, bí ẹ bá gbà á láyè, òun nìkan lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu. Ẹfinrin kò gbọdọ̀ rí iná rárá. Ẹ sọ kẹ́tù kalẹ̀ kí ẹ tó jù ú sí i, kí ẹ sì dé e. Ìsápá pupa tí a ti sá gbẹ lórí páànù, tirẹ̀ lọ́tọ̀: ọ̀sán la ń mu ún, ní tútù, pẹ̀lú oyin. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi ìsápá sè ní Iléṣà. Màlámù tó ń ta kànáfùrù lójú ọ̀nà ló fi hàn wá pé àwọn ará ọ̀dọ̀ wọn ń mu èyí tó pupa. Òdòdó ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń kẹ́yìn, ẹyọ díẹ̀ lórí kọ́ọ̀pù.

Òdòdó yẹn, Àpápá ni mo ti ń ṣà á. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà nínú ọgbà òyìnbó kan, ẹ̀ka rẹ̀ yọ sí ìta ògiri, mo sì máa ń tẹ́ ìborùn mi sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́dẹ ilé náà yọ sí mi.

"Madam, wetin you dey find for ground?"

Mo ní òdòdó ni.

"Flower wey don fall? Who die?"

Mo ní ẹnikẹ́ni kò kú, mo fẹ́ lọ mu ún ni. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Mo bu díẹ̀ wá fún un nínú ìgò lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ́ àpò sílẹ̀ dè mí.

Ẹ má sì pè é ní àgbo o. Ìyá Ìjọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pè é bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ní onígbàgbọ́ kì í mu ewé. Màmá Àgbà bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìjọ, tíì tí ẹ mu láàárọ̀ yìí, ṣé ẹran ni?" Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ló ń mu àgbo. Tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ yá ló ń mu ún, kí inú rẹ̀ lè dùn sí i. Nígbà tí Ìkórè dé, Ìyá Ìjọ yẹn ló kọ́kọ́ na kọ́ọ̀pù. Ìkórè ọdún náà ni ọ̀kan nínú àwọn akọrin da ìsápá sí iwájú aṣọ funfun rẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìwé orin bo àyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kò lè ṣí i wò, ẹnu ló kàn ń là tó ń pa dé. Bí Iléyá bá sì dé, ìkòkò kan náà la ń gbé lọ fún àwọn Mùsùlùmí ilé wa, àwọn náà á fi ẹran dá a padà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ọlọ́run ta ni ewé ń sìn.

Ibi tí a ti ń jayé wa jẹ́jẹ́ ni wolé-wolé ti dé. Ẹ̀yin kò mọ wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni, aṣọ kakí rẹ̀ le gbagidi, bàtà rẹ̀ ń dán. Bó bá wọ àdúgbò, àgbàlagbà á máa wá ibi tí yóò sá sí. Ó gun pákó kọjá gọ́tà iwájú ilé wa, gọ́tà tí tanwíjí kún inú rẹ̀ tó ń rà bàbà. Kò wo ibẹ̀. Agolo wa ló rí.

"Ìyá, kí ni gbogbo èyí?"

"Ewé tí à ń mu ni, ọ̀gá," ni Màmá Àgbà wí.

"Agolo ló ń gba omi dúró. Omi ló ń bí tanwíjí. Tanwíjí ló ń di ẹ̀fọn."

Màmá Àgbà gbé agolo kan sókè, wọ́n fi abẹ́ rẹ̀ hàn án. "Wo ìdí rẹ̀. Ó ń jò bí asẹ́. Tanwíjí wo ni yóò rí omi lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀?"

"Agolo lòfin kọ̀, ìyá. Òfin kò ní ká wo ìdí."

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀fìnkìn sì ń da ọkùnrin náà láàmú. Màmá Àgbà bu kọ́ọ̀pù kan fún un, torí pé ilé wọn kì í gba àlejò lọ́wọ́ òfo. Ó mu ún. Ó ṣí fìlà, ó tún mu. Inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ó nu ẹnu, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá kọ́ọ̀pù padà, ó ní: "Ẹ ṣeun, ìyá. Ó dùn gan-an. Ọjọ́ Ajé ni mò ń padà bọ̀. Bí mo bá bá agolo kan níhìn-ín, kóòtù ni." Mo ṣì ń kábàámọ̀ kọ́ọ̀pù yẹn títí di òní.

Ọkọ mi ní kí a kó wọn dànù kí a sinmi. Ó ní ta ni yóò lọ sí kóòtù nítorí koríko. Màmá Àgbà wò ó, wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyá mi ló gbin koríko náà," wọ́n sì kọjú sí ògiri. Ìyá Ebiere ló yọ wá. Yàrá tó kọjú sí tiwa ló ń gbé, Ijaw ni, ẹja ló ń tà ní Marine Beach, agolo ẹfinrin tirẹ̀ ló sì tóbi jù nínú gbogbo wọn.

"Mama, ẹ má bínú," ló wí. "My old canoe dey for Marine Beach, e no dey go fish again. Make we carry the garden put for inside. Wolé-wolé get shoe, e no get paddle."

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo obìnrin ilé wa gbé agolo rù, a tò tẹ̀ léra wọn, ewé ń mì lórí wa, ó di ọ̀nà Marine Beach. Àwọn èèyàn yọ jáde wá wò wá. Wọ́n ní, "Ṣé Ìkórè ti dé ni?" Àwa náà ní, "Ìkórè ti dé!" Ìyá kan tilẹ̀ dá orin, ó bá wa jó dé etí omi kí ó tó béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ. A to ọgbà wa sínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà ń rùn fún ẹja, ṣùgbọ́n òórùn ẹfinrin borí rẹ̀. Ìyá Ebiere fi àjẹ̀ tì í kúrò ní èbúté, ó lọ so ó mọ́lẹ̀ ní òdìkejì, lápá Snake Island, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Màmá Àgbà ní àwọn kò ní í fi ewé àwọn sílẹ̀ fún àlejò, wọ́n bá a lọ.

Wolé-wolé dé lọ́jọ́ Ajé. Ojú ibi tí agolo jókòó sí nìkan ló bá nílẹ̀, róbótó róbótó. Ó bi mí léèrè ibi tí a kó wọn sí. Mo ní, "Wọ́n lọ gba atẹ́gùn, ọ̀gá." Ẹnìkan ti ta á lólobó, ó lọ dúró sí etí omi, ó rí ọkọ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ ní òdìkejì. Ó wo omi, ó wo bàtà rẹ̀. Àwọn ọmọ etí omi hó lé e lórí títí ó fi padà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró síbẹ̀, ẹ̀rín ni n ó máa fi sọ ọ́.

Oòrùn orí omi kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn ilé. Kò sí ibòòji kankan nínú ọkọ̀ yẹn, ewé ń rọ, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Ọ̀dọ̀ àbúrò Ìyá Ebiere ni Màmá Àgbà ń gbé, ìkòkò omi mímu kan péré ló wà níbẹ̀ fún gbogbo ilé, ojú sì ń tì wọ́n láti máa bu omi onílé fún koríko. Wọ́n wo omi tó yí wọn ká, omi tí kò lópin. Ní Iléṣà tí wọ́n ti wá, ẹni tó bá rí odò ti rí omi. Wọ́n mú igbá, wọ́n ń bu omi ọ̀sà, wọ́n ń fi rin ewé láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú ìfẹ́ gbogbo.

Nígbà tí èmi àti Ìyá Ebiere gbé oúnjẹ lọ fún wọn, orí gbogbo ewé ti pọ́n bí èyí tí iná rà. Ẹfinrin ti wọ́. Ìyá Ebiere bu erùpẹ̀ díẹ̀ nínú agolo, ó tọ́ ọ wò, ó pariwo.

"Mama! Which water you give them?"

"Èyí tó wà níwájú wa yìí ni."

"Ah, Mama! Iyọ̀ ni o! Na salt dey inside!"

Màmá Àgbà na ọwọ́ sínú omi, wọ́n fi ìka kan ẹnu. Wọ́n rọra jókòó sí ìdí ọkọ̀. N kò tíì rí i kí wọ́n sunkún rí, kódà nígbà tí wọ́n sọ fún mi nípa ikú bàbá ọkọ mi. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rìn jìnnà wàyí. Mo gba ewé ìyá mi lọ́wọ́ wolé-wolé, mo wá fi ọwọ́ ara mi pa á." Àánú wọn ṣe mí dé egungun. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú.

Ìyá Ebiere kò sunkún ní tirẹ̀. Ó ń fa agolo yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ìdí wọn. Lábẹ́ pákó ìjókòó iwájú, ó fa ọ̀kan jáde. Orí pákó yẹn ni òun fúnra rẹ̀ fi amù kékeré omi mímu rẹ̀ sílẹ̀ sí lọ́jọ́ tó tu ọkọ̀ náà wá, amù náà sì ń sun omi díẹ̀díẹ̀. Agolo ewé tíì kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ Màmá Àgbà kò tó o. Ewé rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tutù. Ìyá Ebiere gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin rò pé Màmá Àgbà á fi í pamọ́. Wọn kò fi í pamọ́. Wọ́n gbé e rù padà sí Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀sán gangan, wọ́n gbé àpótí síwájú ilé, wọ́n jókòó, wọ́n gbé agolo náà sí àárín ẹsẹ̀ wọn méjèèjì. Wolé-wolé kò pẹ́ kó tó dé.

"Ìyá, mo kìlọ̀ fún yín."

"O kìlọ̀ lóòótọ́. Mo ti gbé e sá lẹ́ẹ̀kan, mo rí ohun tí sísá fà. N kò sá mọ́. Kọ orúkọ mi, ọ̀gá. Mo ti jókòó."

Ó kọ ọ́. Màmá Àgbà lọ sí kóòtù, wọ́n dá owó ìtanràn lé wọn, gbogbo yàrá dá a jọ. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti kóòtù, ibi tí agolo wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tún gbé e sí. Ọkùnrin náà kò sì dẹ́kun wíwá. Yóò mu kọ́ọ̀pù tirẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò kọ orúkọ. Màmá Àgbà náà á san ìtanràn bí ẹni ń san owó orí, wọ́n á sì tún gbìn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ síbòmíràn. Ewé tíì kò lọ síbì kankan. A pín ìdí rẹ̀, a tún un pín, títí yàrá kọ̀ọ̀kan fi tún ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni sìmẹ́ǹtì dé. Ẹ kò lè mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì tò lọ bẹẹrẹ lórí omi, wọn kò rí àyè já ẹrù. Ọkọ mi á ti wọ́ọ̀fù dé, irun rẹ̀ funfun bí ti arúgbó, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, kọ́ọ̀pù ló ń kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè ọmọ. Sìmẹ́ǹtì yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ohun gbogbo. Wọ́n kọ́ èbúté Tìnkan, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dé, wọ́n tò sójú ọ̀nà títí di òní. Ọkọ̀ Ìyá Ebiere jẹrà sí Marine Beach. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ Àpápá, wọ́n gé e, ilé ẹrù ló wà níbẹ̀ báyìí. Èmi kò bá wọn sunkún gbogbo rẹ̀. Ìlú gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má wá bá mi dé ìdí ògiri mi.

Ọjọ́ tí Màmá Àgbà máa lọ, wọn kò lè gbé kọ́ọ̀pù mọ́. Mo fi síbí bu ewé tíì sí wọn lẹ́nu. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní kànáfùrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, má jẹ́ kó kú sí ọ lọ́wọ́." Ohun tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Agolo tó wà ní igun yẹn, tó ti dípẹtà, ewé tí Ìyá Ebiere fà yọ lábẹ́ pákó ló wà nínú rẹ̀. Òun lẹ̀ ń mu lọ yìí. Òun ni ọmọ mi ní kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì lé lórí.

Ó yá, ẹ gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀, ẹ dìde. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní í fi ọwọ́ lásán kúrò níhìn-ín lónìí. Bọ́lá, gbé ẹfinrin, barándà rẹ ní Sùúrùlérè gba garawa méjì. Ẹ gbé atalẹ̀, ẹ gbé ìsápá, ẹ pín ewé tíì tó wà nínú garawa ńlá yẹn láti ìdí rẹ̀, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá bi yín, ẹ ní Ìkórè ti dé. Ẹ lu ìdí agolo dáadáa. Kí ẹ sì tọ́ omi wò kí ẹ tó bù ú sí i.

Ẹ má fọwọ́ kan agolo tó dípẹtà yẹn. Ẹ bá mi gbé e wá sí àárín àgbàlá, kí ẹ gbé àga mi tẹ̀ lé e. Síbẹ̀. Ẹ gbé e sí àárín ẹsẹ̀ mi. Bí àwọn oní-kọnkéré bá dé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti etí ògiri, kí wọ́n máa dà á bọ̀ títí wọn yóò fi kàn mí. Ẹ pe bàbá yín lórí fóònù. Ẹ sọ fún un pé mo ti jókòó.